Ìpínlẹ̀ Èkó: Ìlẹ̀pa Ààlà Kan àti Lẹ́tà Márùn-ún

Ẹni tó bá dúró ní ẹnu ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábàá, tó ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ lọ sí Ojúẹlẹ́gba àti Múṣin, yóò ka ọ̀rọ̀ kan náà lára nọ́ńbà ọ̀pọ̀ nínú wọn: Lagos, Centre of Excellence. Gbólóhùn náà ń dún bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni ìpínlẹ̀ yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Kí ọdún 1967 tó dé, ìrìn kúkurú yẹn ń mú ènìyàn ti abẹ́ ìjọba kan bọ́ sí abẹ́ òmíràn. Ìlànà ìjọba ọdún 1951 fi Èkó sábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ti 1954 yọ ọ́ kúrò, ó sì sọ ọ́ di agbègbè ìjọba àpapọ̀. Yábàá wà nínú agbègbè náà, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣàkóso Múṣin. Ìjà lọ́rọ̀ náà dá sílẹ̀. Àwọn olóṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn ní tiwọn ni Èkó. Àwọn ọmọ Èkó tí kò gbà fún wọn ní gedegbe l'Èkó wà.

Ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, 1967, ìjọba ológun Gowon dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀. A so agbègbè ìjọba àpapọ̀ mọ́ Ìkẹjà, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, Mọbọ́lájí Johnson sì di gómìnà àkọ́kọ́. Ààlà Múṣin parẹ́. Ní 1976, Ìkẹjà, tó ti wà lábẹ́ Ìbàdàn rí, di olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà.

Orúkọ ló wá ṣòro. Ará Ìkòròdú kò pe ara rẹ̀ ní ará Èkó. Ọ̀pọ̀ ará Àgbádárìgì sì jẹ́ Ègùn, tí Yorùbá kì í ṣe èdè abínibí wọn. Síbẹ̀ orúkọ ìlú kan ṣoṣo ni a fi bo gbogbo wọn. Àmì tí a fi wá ìrẹ́pọ̀ ni IBILE, tí a hun láti inú lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ìpín márùn-ún ìpínlẹ̀ náà. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá kà á yóò gbọ́ "ìbílẹ̀", ìyẹn ohun tó jẹ́ ti onílẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká tú u wò. I ti Ìkòròdú àti ti Ìkẹjà kò ní wàhálà, E ti Ẹ̀pẹ́ náà ṣeé gbà. B ńkọ́? Badagry ni, nítorí Àgbádárìgì kò ní B níwájú. L ńkọ́? Lagos ni, orúkọ tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Potogí. Bí a bá fi orúkọ tí Yorùbá ń pe ìlú márààrún kọ ọ́, ohun tí yóò jáde ni I, A, I, E, Ẹ, tí kò ní ìtumọ̀ kankan. Kí ọ̀rọ̀ "ìbílẹ̀" tó lè dúró, àfi kí a yá orúkọ àjèjì méjì, ọ̀kan nínú wọn sì ni ti Èkó fúnra rẹ̀.