Sátẹ́láìtì Àwọn Onírédíò Ìgbafẹ́ àti Ọ̀nà Jíjìn Tí Ohùn Ń Rìn

Ó lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ìjọba Soviet fi sátẹ́láìtì Sputnik ránṣẹ́ sí òfuurufú ni àwọn onírédíò ìgbafẹ́, ìyẹn àwọn ènìyàn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ìgbì rédíò láìgba owó kankan nídìí rẹ̀, fi sátẹ́láìtì tiwọn náà ránṣẹ́. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ni àwọn tí ó ṣe é wà, inú ilé ara wọn ni wọ́n sì ti tò ó pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. OSCAR 1 ni wọ́n sọ ọ́. Kò wúwo ju nǹkan bí kìlógíráàmù 4.5 lọ, ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1961 sì ni rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn ológun òfuurufú gbé e kúrò ní Vandenberg ní California náà; lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, ó gba ipò irin lásán tí wọ́n máa ń dì mọ́ ẹrù rọ́kẹ́ẹ̀tì kí ìwúwo rẹ̀ lè dọ́gba. Lẹ́tà méjì péré, H àti I, ni ó ń tú jáde ní àmì Morse, ìyẹn àmì kúkúrú àti gígùn tí ń dúró fún lẹ́tà, bí inú rẹ̀ bá sì ṣe gbóná tàbí tutù sí ni ó ń pinnu bí àmì náà ṣe ń yá sí. Àwọn tí ó lé ní 570 láti orílẹ̀-èdè 28 ni wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ ránṣẹ́ kí bátìrì rẹ̀ tó tán lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Gbígbọ́ nìkan kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1965 ni OSCAR 3 gbé transponder lọ sókè, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń gba ohùn láti ilẹ̀ tí ó sì ń dá a padà lójú ẹsẹ̀ lórí ìgbì mìíràn. OSCAR 4, tí ó tẹ̀lé e ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ni ará Amẹ́ríkà àti ará Soviet sì kọ́kọ́ fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà lórí sátẹ́láìtì, nígbà tí ìjọba wọn ń fi ìfura ṣọ́ ara wọn.

Ìgbì tí wọ́n ń lò yìí kì í tẹ̀ kọrọ: ọ̀nà tààrà ni ó ń rìn, ayé tí ó rí roboto a sì dínà mọ́ ọn. Nítorí náà, ibi tí ẹni méjèèjì ti lè rí sátẹ́láìtì lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ti lè bá ara wọn sọ̀rọ̀, gíga rẹ̀ ni ó sì ń pinnu bí wọ́n ṣe lè jìnnà síra tó. Èyí tí ó wà ní kìlómítà 400 sókè kò lè so ibi tí ó ju nǹkan bí 4,400 lọ pọ̀. Èyí tí ó wà ní 1,450 lè so tó 7,900. Láti Èkó dé Salvador ní Bahia, níbi tí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá pọ̀ sí ní Brazil, jẹ́ nǹkan bí 5,100, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ti àkọ́kọ́ kò lè so wọ́n pọ̀ ṣùgbọ́n ti kejì lè ṣe é. Bí ọ̀nà bá ti jìn dé ibi tí agbára sátẹ́láìtì mọ, etí sánmà gan-an ni sátẹ́láìtì máa ń wà lójú àwọn méjèèjì, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni wọ́n sì ní. Eré tó kìlómítà méje láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan tí sátẹ́láìtì ń sá tún máa ń yí ìgbì náà padà, bí fèrè ọkọ̀ ojú irin ṣe máa ń ròkè nígbà tí ó bá ń bọ̀ tí ó sì ń rẹlẹ̀ nígbà tí ó bá kọjá, tí ọwọ́ onírédíò kò fi gbọdọ̀ kúrò lára bọ́tìnnì rẹ̀.

AMSAT-OSCAR 7 ni sátẹ́láìtì tí ó wà ní gíga 1,450 náà. Ẹgbẹ́ onírédíò ìgbafẹ́ AMSAT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Washington ní ọdún 1969, fi í ránṣẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1974. Ní ọdún 1981 bátìrì rẹ̀ bàjẹ́, ó fa gbogbo iná mọ́ra, sátẹ́láìtì náà sì dákẹ́. Ó tó ogún ọdún ó lé kí ẹnì kan ní England tó tún gbọ́ ọ ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2002: bátìrì tí ó bàjẹ́ ti já kúrò fúnra rẹ̀, iná tí oòrùn ń pèsè sì ráyè lọ tààrà sínú ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà, ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí oòrùn bá ń ràn án, ó sì ń kú nígbà tí ó bá wọ òjìji ayé. Nínú gbogbo ìtàn yìí, kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún jù ú lọ.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ní ipa tirẹ̀. Sátẹ́láìtì Nigeria EduSat-1, tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ ṣe pẹ̀lú Kyushu Institute of Technology ti Japan, bọ́ sójú òfuurufú láti inú ibùdó òfuurufú àgbáyé ní oṣù Keje ọdún 2017, ìgbì àwọn onírédíò ìgbafẹ́ ni ó sì fi ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò gbé òkè pẹ́ kí ó tó já bọ́, nítorí pé ní nǹkan bí kìlómítà 400, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí ó wà níbẹ̀ ṣì ń fa nǹkan wálẹ̀. Kí àwọn yunifásítì yòókù ní ilẹ̀ Yorùbá gba ìwé àṣẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, kí wọ́n sì kọ́kọ́ fi àwọn sátẹ́láìtì onírédíò ìgbafẹ́ tí ó wà lókè báyìí kọ́ wọn.