Bí Orísun Bá Gbẹ

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká fi ewì sílẹ̀ díẹ̀, ká sọ ti ọjà. Ìwé kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Ìkàrẹ́. Ẹnìkan ló ń tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn ló ń pín in, kí ẹni tó ní ìsọ̀ kékeré tó rí i tà. Bí ẹni àárín yẹn bá ṣubú, ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára? Onísọ̀ ni.

Ẹ wo Amẹ́ríkà ná. Steve Geppi dá Diamond sílẹ̀ ní 1982 láti máa pín ìwé aláwòrán fún àwọn ìsọ̀ kéékèèké. Ní 1996, ó ra Capital City, orogún rẹ̀ ńlá, kò sì pẹ́ tó fi di pé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni gbogbo ìsọ̀ ń wò. Onísọ̀ ti gbọ́dọ̀ sọ iye tó fẹ́ ṣáájú. Èyí tí kò bá tà, kò ṣe é dá padà, òun ló jẹ gbèsè rẹ̀. Ní 2020, DC kúrò lọ́dọ̀ Diamond. Marvel tẹ̀ lé e ní 2021. Nígbà tó di oṣù kìíní 2025, Diamond gba kọ́ọ̀tù lọ pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Onísọ̀ tó ń gba ẹrù kan, tó ń san owó ọkọ̀ kan, wá di ẹni tó ń bá olùpín mélòó kan ṣòwò, kálukú pẹ̀lú owó ọkọ̀ tirẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, irú ẹ̀ ti ṣe wá rí. Nígbẹ̀yìn àwọn ọdún 1960, West African Book Publishers l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ Atọ́ka, tí Ṣẹ́gun Ṣófowótè jẹ́ olóòtú rẹ̀. Wọ́n ń ya eré àwọn òṣèré alárìnkiri bí Oyin Adéjọbí ní fọ́tò, wọ́n á sì kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí wọn lẹ́nu. Ní 1976, Wale Adenuga gbé Ikebe Super jáde. Àfi ìgbà tí SAP dé ní 1986. Náírà kan tó ju dọ́là kan lọ ní 1985, mẹ́rin ni wọ́n ń kó fún dọ́là kan ní 1987. Bébà àti yíǹkì sì rèé, òkè òkun ni púpọ̀ wọn ti ń wá. Bí ìwé wọ̀nyí ṣe wọlẹ̀ nìyẹn. Kí àwọn ọdún 1990 tó parí, Papa Ajasco ti fi bébà sílẹ̀, ó ti bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n.

Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, afárá ló já. Ìwé ṣì wà lódìkejì. Tiwa, odò gan-an ló gbẹ.

Ìsọ̀ kì í sì í kú lọ́jọ́ kan. Ohun tó ń tà ló ń yí padà. Nínú àwọn ìsọ̀ tí mo yẹ̀ wò ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ìwé iléèwé, Bíbélì àti ìwé ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ló kún àtẹ. Ẹ ò lè bá onísọ̀ jà. Kó tó wọkọ̀ gba Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ lọ sí Ìbàdàn, owó ọkọ̀ á ti jẹ èrè ìwé ìtàn. Ìwé tí òbí gbọ́dọ̀ rà ló máa kó.

Wọ́n á ní ọmọ ìsinsìnyí ò ka Yorùbá. Mi ò gbà. Ohun tí kò sí lórí àtẹ, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ rà á?

Ìwé ìròyìn wa yìí, inú ọgbà ló ń bẹ̀rẹ̀, inú ọgbà náà ló ń parí sí. Ẹ jẹ́ ká kó ogún ẹ̀dà fún onísọ̀ kan ní Ìkàrẹ́, ogún fún òmíràn ní Ọ̀kà, láwìn. Èyí tó bá tà, kó yọ èrè tirẹ̀. Èyí tí ò bá tà, a ó kó o padà. Ọ̀kadà ò ní kọ̀ ọ́ láti gbé e.