Idì Olórí Méjì ti Ilé Kastrioti

A fẹ́ sọ díẹ̀ fún yín nípa Tirana, olú-ìlú Albania, àti idì tí ó wà lórí àsíá rẹ̀.

Tirana kì í ṣe ìlú àtàyébáyé bí àwọn olú-ìlú mìíràn ní Yúróòpù. Ní ọdún 1614 ni ìjòyè kan, Sulejman Bargjini, tẹ̀ ẹ́ dó. Ó kọ́ mọ́ṣáláṣí, ilé búrẹ́dì àti ilé ìwẹ̀ síbẹ̀. Ọdún 1920 ni wọ́n tó fi í ṣe olú-ìlú. Ṣùgbọ́n idì dúdú olórí méjì tí ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ní gbàgede rẹ̀ dàgbà ju ìlú náà lọ, ti ilé kan ṣoṣo sì ni tẹ́lẹ̀ rí.

Ní ayé àtijọ́, ìdílé ọlọ́lá kọ̀ọ̀kan ní Albania ní àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n, bí a ti ń fi oríkì orílẹ̀ mọ ọmọ ilé kan yàtọ̀ sí ti òmíràn lọ́dọ̀ tiwa. Kìnnìún aládé ni ti ilé Thopia. Karl Thopia, tí ó gba Durrës ní 1368, ní kí a gbẹ́ ẹ sára òkúta ní ilé àwọn mọ́ńkì tí ó tún kọ́ nítòsí Elbasan ní 1381. Ilé Kastrioti ni ó ni idì, irú èyí tí àwọn ọba Constantinople ti ń lò ṣáájú wọn.

Gjergj Kastrioti ni ó mú idì náà lókìkí. Ní kékeré ni wọ́n ti mú un lọ sí ààfin Sultan àwọn Tọ́kì bí ohun ìdógò fún baba rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti di Mùsùlùmí àti ọ̀gá ológun, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Skanderbeg. Ní 1443 ó fi wọ́n sílẹ̀, ó padà sí ẹ̀sìn Kristi, ó gba Krujë, ó sì ta àsíá ilé baba rẹ̀ síbẹ̀. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó fi kojú wọn. Murad Kejì dó ti Krujë ní 1450, kò rí i gbà. Mehmed Kejì, ẹni tí ó ti ṣẹ́gun Constantinople, dé ní 1466 àti 1467. Òun náà padà lọ́wọ́ òfo. Skanderbeg kú ní 1468. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí ni Krujë ṣubú; ọmọ rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ré òkun kọjá sí Ítálì.

Ní ojú tiwa, ibi tí ìtàn yìí ti yani lẹ́nu jù lọ nìyí. Ilé náà kò ní ilẹ̀ mọ́, kò sì ní ìtẹ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Albania sì ti di Mùsùlùmí. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1912, nígbà tí Ismail Qemali, Mùsùlùmí tí ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba fún Sultan fún ọ̀pọ̀ ọdún, kéde òmìnira ní Vlorë, idì ilé Kastrioti, ilé onígbàgbọ́, ni ó ta sókè. Ìjọba Kọ́múnísì fi ìràwọ̀ lé e lórí ní 1946. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní 1992, idì sì dúró.

Láti 1968 ni ère Skanderbeg lórí ẹṣin ti wà ní gbàgede Tirana. Àṣíborí rẹ̀ tí ó ní orí ewúrẹ́ lókè ni a yà sókè idì lára àmì ìjọba Albania lónìí. Àṣíborí náà gan-an ṣì wà ní ilé ìṣúra kan ní Vienna.