Ìwé Méjì Nínú Àpò Kan: Ọmọ Ẹ̀gbá àti Èdè Méjì

Ìwé Ìròhìn ni gbogbo wa fi ń bẹ̀rẹ̀ tí a bá ń sọ ìtàn ìwé kíkà nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Henry Townsend, ajíhìnrere CMS, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta ní 1854, ó sì mú Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní oṣù Kejìlá 1859. Yorùbá nìkan ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1860, wọ́n fi apá Gẹ̀ẹ́sì kún un. 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. A ti kọ èyí nínú ìdánwò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gboyè jáde náà kọ ọ́, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa yóò kọ ọ́. Ohun tí wọn kì í bi wá ni ti àwọn tó ń kà á: bí ìwé kan bá ní èdè méjì, ta ló ń ka èwo, kí sì ni ọmọdé inú ilé náà rí kà?

Ìbéèrè yẹn ló bí àròkọ yìí. Ìwé àwòrán elédè méjì fún ọmọdé ni a ń wá kiri nínú ìtàn: ìwé pẹlẹbẹ tí àwòrán gba ojú ewé rẹ̀, tí Yorùbá wà lókè, tí Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀, tí ọmọ inú rẹ̀ sì ń kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ ìyá, bàbá, ìyá àgbà tàbí aládùúgbò. Ilẹ̀ tó ti ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti 1854, tó ní ilé-ìwé, tó ní òǹkọ̀wé, ó yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ níbẹ̀ bí erùpẹ̀. Ohun tí a rí ni pé Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbé inú àpò kan náà fún ohun tó lé ní 100 ọdún, ṣùgbọ́n inú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, sọ́dọ̀ Àjàyí Crowther. Ìwé tó fi to ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ̀ mọ́ ìtumọ̀ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1843. Ní 1849, ìwé kékeré tí a fi ń kọ́ni ní ìwé kíkà tẹ̀ lé e, fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Elédè méjì ni ti àkọ́kọ́, àmọ́ àgbàlagbà tó fẹ́ kọ́ èdè ló wà fún, pàápàá ajíhìnrere tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Èkejì ni ti akẹ́kọ̀ọ́. Ìpínyà náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun kan wà nínú ìtàn Crowther tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú lé. Ní oṣù Kẹjọ 1846, ó rí Àfàlà, ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25 tí ogun ẹrú ti pín wọn níyà ní Òṣogùn. Ní 1848 ni ìyá ṣèrìbọmi, tí wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Ìtàn ẹkún àti ayọ̀ ni wọ́n máa ń fi sọ fún wa, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹ̀kọ́ kọjú sí. Èdè tí Crowther kọ sínú ìwé, ẹnu ìyá yìí ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n tún pàdé, ọmọ ló di olùkọ́, ìyá ló di akẹ́kọ̀ọ́. Bí ilé-ìwé àwọn ajíhìnrere ṣe rí nìyẹn: ìmọ̀ ń ti ilé-ìwé bọ̀ wálé. Nínú ilé Yorùbá, òdìkejì rẹ̀ ni. Àlọ́, oríkì, ìkíni, iṣẹ́ ọwọ́, gbogbo rẹ̀ ń ti ọwọ́ àgbà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nígbà náà kò lè sọ fún un pé kó lọ bi ìyá àgbà rẹ̀ léèrè, torí ìyá àgbà gan-an ni wọ́n fẹ́ kó wá kẹ́kọ̀ọ́.

Ìfọ́lé dé ní oṣù Kẹwàá 1867. Wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde ní Abẹ́òkúta, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bà jẹ́, Ìwé Ìròhìn sì parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Gẹ̀ẹ́sì di ọ̀rọ̀ owó. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba amúnisìn gbé jáde fún Èkó àti Gold Coast ní 1882 so owó ìrànwọ́ mọ́ kíkà àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì, kò ka èdè ìbílẹ̀ sí. Abẹ́òkúta kò tíì sí lábẹ́ òfin Èkó nígbà náà, àmọ́ ìjọ kan náà ló ni ilé-ìwé níbí àti lọ́hùn-ún, Èkó sì ni iṣẹ́ akọ̀wé wà. Bàbá tó rán ọmọ lọ sílé-ìwé mọ ohun tó ń rán an lọ rà. Nígbà tó fi máa di 1925 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà jáde pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kékeré nílẹ̀ Áfíríkà, ọ̀pọ̀ òbí ti fi ojú ara wọn rí èdè tó ń mówó wálé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí. Ní 1904 ni wọ́n bí Joseph Fọláhàn Ọdúnjọ ní Ìbarà, Abẹ́òkúta. Olùkọ́ ilé-ìwé Kátólíìkì ni kó tó di òṣèlú àti olóyè. Ní 1943 ni Aláwìíyé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó sì lọ láti Ìwé Kìíní dé Ìwé Kẹfà. A kò mọ ìwé mìíràn tí ọmọ Yorùbá tó lọ sílé-ìwé láàárín 1950 sí 1990 lè pe orúkọ rẹ̀ kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Ọdúnjọ gan-an jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti iṣẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn láti 1952 dé 1956, ìyẹn ni pé ó wà nínú ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní 1955. Ọmọ ya bo ilé-ìwé, ìwé Yorùbá sì wà nílẹ̀ tí wọ́n lè kà.

Ohun tí Aláwìíyé ṣe tí ìwé 1849 kò ṣe ni pé ó mú ilé wọnú kíláàsì. Àwòrán wà nínú rẹ̀, àlọ́ ìjàpá wà níbẹ̀, ewì wà níbẹ̀ tí òbí tí kò mọ̀wé pàápàá lè gbọ́ lẹ́nu ọmọ kó sì mi orí. Ewì rẹ̀ nípa iṣẹ́, tí gbogbo wa kà lórí ìlà àárọ̀, dá lórí òbí lọ́nà kan tó yà wá lẹ́nu nígbà tí a tún un kà: ó ń kìlọ̀ fún ọmọ pé kó má gbójú lé owó ìyá tàbí ẹṣin bàbá. Ohun tí òbí fúnra rẹ̀ máa ń sọ ló wà nínú ìwé. Nínú irú ìwé yìí, ọmọ lè rí ìyá rẹ̀. D. O. Fágúnwà àti L. J. Lewis náà gbé ìwé Táíwò àti Kẹ́hìndé jáde ní ìparí àwọn ọdún 1940, ìbejì ni wọ́n sì fi ṣe ojú ọ̀nà ìwé kíkà fún ọmọdé. Èrò tó gbọ́n ni.

Ṣùgbọ́n Yorùbá nìkan ni gbogbo wọn. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú àpò, ọmọ inú ìyẹn sì ń gbé ìlú mìíràn. Ọmọ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ló ní láti dá afárá láàárín ìwé méjèèjì fúnra rẹ̀. (Tí a bá sì fẹ́ sòótọ́, èdè mẹ́ta ni fún ọmọ Ẹ̀gbá, torí Yorùbá inú Aláwìíyé kì í ṣe ẹ̀ka-èdè tí wọ́n ń sọ nílé wọn ní Ọ̀fàdà tàbí Owódé. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ lórí ẹ̀ka-èdè láàárín wa, ẹ bá wa gbé èyí yẹ̀ wò.)

Àwọn tó dán nǹkan mìíràn wò wà ní Ifẹ̀. Láti 1970, Babs Fáfúnwà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì gbẹ́yìn ti àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Síbẹ̀, èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀.

Ibòmíràn ni a ti rí ojú ewé tí a ń wá. Ní San Francisco ní Amẹ́ríkà, Harriet Rohmer dá Children's Book Press sílẹ̀ ní 1975, láti máa tẹ ìwé àwòrán fún àwọn ọmọ tí kì í rí ara wọn nínú ìwé, Sípáníìṣì àti Gẹ̀ẹ́sì lójú ewé kan náà. Ní 1990 ni wọ́n tẹ ìwé Carmen Lomas Garza tí wọ́n pè ní Family Pictures / Cuadros de familia. Ayàwòrán ni obìnrin yìí, Kingsville ní Texas ló dàgbà sí. Ó ya bí ìdílé rẹ̀ ṣe ń jọ se oúnjẹ nínú ilé ìdáná, ọmọdé àti àgbà, tí oníkálukú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè ka ìwé náà, ọmọ-ọmọ tí Sípáníìṣì rẹ̀ kò já geere lè kà á, wọ́n sì lè jọ kà á pọ̀. Iṣẹ́ tí ìwé náà ń sọ, òun náà ni kíkà rẹ̀ ń ṣe.

Lọ́nà ti wa, Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ ya ojú sí i. Mantra Lingua ń tẹ ìwé ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú oríṣiríṣi èdè àwọn tó wá gbé ìlú òyìnbó, Yorùbá sì wà lára wọn. Gbemisola Isimi dá CultureTree sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa fi ìtàn àti orin kọ́ ọmọdé ní Yorùbá. A ń yìn wọ́n. Ohun tó ń dùn wá ni pé nínú àwọn ìtàn tí wọ́n kàn túmọ̀ sí Yorùbá, ó ṣòro kí á rí Ọ̀fàdà.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọmọ Lọ́ńdọ̀nù nìkan mọ́. Ọ̀fàdà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, nítòsí Mòwé, lágbègbè tí àwọn ará Èkó ti ń kọ́lé wá láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọmọ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá ìyá àgbà lóhùn wà níhìn-ín náà. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ọdún mẹ́ta péré. Ìlànà lè lọ kó bọ̀. Ìwé tó bá ti wà nínú ilé kò ní tẹ̀ lé e lọ.

Ìdí nìyí tí díẹ̀ nínú wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀kan, lórí ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ọmọbìnrin kan jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀, wọ́n ń fẹ́ ìrẹsì, wọ́n ń ṣa òkúta inú rẹ̀, ọmọ ń béèrè ìdí tó fi ní òórùn, ìyá àgbà ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó bọ̀ ọ́ kí wọ́n sì sá a. Lẹ́yìn náà, ewé eéran, irú, ọbẹ̀ ata. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí kò yọ wá lẹ́nu. Àwòrán yóò túmọ̀ wọn. Ojú ewé kìíní ló dá wa dúró. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, màmá." Nísàlẹ̀, lápá Gẹ̀ẹ́sì, kò sí "ẹ," kò sí "kú iṣẹ́." Ọ̀kan nínú wa ní ká kọ ìkíni àárọ̀ wọn síbẹ̀. Òmíràn ní ká fi Yorùbá rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọmọ tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì lọ bi ìyá àgbà rẹ̀ ohun tó túmọ̀ sí. A kò tíì fẹnu kò, àmọ́ ti èkejì yìí ló ń wọ ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn.