Nọ́ńbà Tó Wà Nídìí Ike: Ohun Tó Ń Sọ Àti Ibi Tó Yẹ Ká Ti Ṣọ́ra

Ẹ dojú abọ́ rọ́bà tàbí kẹ́ẹ̀gì kan dé nílé yín, kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀. Ẹ ó rí ọfà mẹ́ta tó yípo ara wọn, pẹ̀lú nọ́ńbà láàárín, láti 1 dé 7. Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá iye ìgbà téèyàn lè lo ike náà nìyẹn. Rárá o. Ọdún 1988 ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ike ní Amẹ́ríkà gbé e kalẹ̀, káwọn tó ń ṣa ike jọ láti tún un lò lè mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. Nọ́ńbà yìí kò sọ pé ike dáa tàbí kò dáa. Orúkọ ike ló ń sọ, orúkọ yẹn la sì fi ń mọ ìwà ẹ̀.

Nọ́ńbà 1, PET: Ìgò omi àti ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó mọ́ gaara, ó fúyẹ́, àmọ́ omi gbígbóná máa ń jẹ́ kó súnkì. Ẹ má da ògì gbígbóná sí i.

Nọ́ńbà 2, HDPE: Kẹ́ẹ̀gì àti ike ọṣẹ olómi. Ó le, kì í tètè fọ́. Àmọ́ ó máa ń fa kẹrosíìnì mu. Kẹ́ẹ̀gì tí kẹrosíìnì bá ti wọ̀ rí, ẹ má rọ epo pupa sí i, bó ti wù kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Nọ́ńbà 3, PVC: Páìpù omi, sílíǹgì, ara wáyà iná. Klórínì wà nínú ẹ̀, èéfín ẹ̀ sì léwu. Ẹ má sun ún.

Nọ́ńbà 4, LDPE: Ọ̀rá tá a fi ń di ọjà. Nylon là ń pè é, àmọ́ kì í ṣe nylon gidi. Ooru tó ń yọ́ ọ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti omi tó ń hó lọ. Ìdí nìyí témi ò fi fẹ́ móínmóín tí wọ́n sè nínú ọ̀rá. Ewé eéran ṣì wà lọ́jà.

Nọ́ńbà 5, PP: Ìdérí ìgò, àpò ìrẹsì, àga rọ́bà, abọ́ oúnjẹ tó le. Òun ló fara da ooru jù nínú àwọn tá a fi ń gbé oúnjẹ: ó tó nǹkan bí 160°C kó tó yọ́.

Nọ́ńbà 6, PS: Abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń ta oúnjẹ. Oúnjẹ gbígbóná tó lọ́ràá kò bá a mu. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde ní oṣù kìíní 2024 pé àwọn fòfin dè é, torí bó ṣe ń dí ojú gọ́tà.

Nọ́ńbà 7: Gbogbo ike yòókù. Òmíràn nínú wọn ní kẹ́míkà BPA, tí ilẹ̀ Yúróòpù fòfin dè nínú ìgò tí wọ́n fi ń fún ọmọ ọwọ́ lóúnjẹ lọ́dún 2011.

Tí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́ ńkọ́? Ẹ gé díẹ̀ nínú ike náà, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú omi, kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀. Tó bá léfòó, 2, 4 tàbí 5 ló ṣeé ṣe kó jẹ́. 1 àti 3 máa ń rì. Ẹ fi ìgò omi àti ìdérí ẹ̀ dán an wò: ìdérí á léfòó, ara ìgò á rì.

Fún oúnjẹ gbígbóná, abọ́ irin tàbí tángaran ló dáa jù. Tó bá di dandan kó jẹ́ ike, ẹ wá nọ́ńbà 5.