Ẹyẹlé Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Lọ́dọọdún, tí ó bá ti di ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, wọ́n á tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó ti kú. Gómìnà á gbé òdòdó lélẹ̀, ṣọ́jà á yìnbọn sókè. Nígbà mìíràn ẹyẹlé á jókòó jẹ́jẹ́, á ní òun ò fò, àwọn oníròyìn á sì rí nǹkan kọ.

Kì í ṣe oṣù Ṣẹ́rẹ́ la ti ń ṣe ìrántí yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù Bélú la máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi kọ́ wa. Ogun abẹ́lé ló yí i padà: ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1970 ni Philip Effiong, olórí Biafra, apá ilẹ̀ tó fẹ́ ya kúrò lára Nàìjíríà, dé Dodan Barracks l'Ékòó, tó sọ níwájú Gowon, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, pé Biafra ti túbá. Ogun náà ti jà fún nǹkan bí ọgbọ̀n oṣù.

Ọjọ́ kan náà ni rògbòdìyàn tó bí ogun ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Òru mọ́jú Sátidé ni àwọn ṣọ́jà kan dìtẹ̀ sí ìjọba, lọ́dún 1966. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n ti pa Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, n'Íbàdàn, wọ́n ti pa Ahmadu Bello, olórí ìjọba Àríwá, ní Kaduna, wọ́n pa Ọ̀gágun Adémúlẹ́gùn àti ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀ bákan náà. Wọ́n gbé Tafawa Balewa, olórí ìjọba Nàìjíríà, lọ nílé rẹ̀ l'Ékòó. Ẹ̀bá ọ̀nà Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wá rí òkú rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá géérégé lẹ́yìn náà, Sátidé kan náà, ayọ̀ ni ọjọ́ ọ̀hún gbé wọ Sùúrùlérè. FESTAC '77, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà, ṣí ní pápá ìṣeré ńlá ibẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú káàkiri àgbáyé tò kọjá, àwọn kan rìn lórí igi gíga, àwòrò Ṣàngó dáná sí àwo àjọ̀dún, 1,000 ẹyẹlé sì fò lọ sókè. Títí di ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé ni wọ́n fi ṣeré.

Gbọ̀ngàn eré tí wọ́n tìtorí àjọ̀dún náà kọ́, National Theatre, ṣì wà n'Ígánmú. Ẹni tó bá ń gba Ìjọra kọjá á rí i gàgàrà bíi fìlà ọ̀gá ṣọ́jà. Àwọn ará Bulgaria ló kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, ìjókòó inú gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ tó 5,000.

Àgbà ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá sá lọ́jọ́ ìpọ́njú. Àwọn onílé Olúwọlé ò rí irú ẹyẹlé yẹn. Abúlé wọn ló wà níbi tí gbọ̀ngàn náà máa dúró sí, ìjọba àpapọ̀ sì kó wọn kúrò lọ́dún 1973. Ilẹ̀ àbàtà Badia, n'Íjọra níbẹ̀, ni ọ̀pọ̀ wọn kó lọ. Wọ́n da iyanrìn àti pàǹtí sí omi kí wọ́n tó rí ibi kọ́lé sí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Èrèlé 2013, katapílà dé bá wọn níbẹ̀ náà. Amnesty International ní àwọn tí wíwó ilé ọjọ́ yẹn kàn tó nǹkan bí 9,000.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ ìtàn ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ fún ọmọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ Olúwọlé mọ́ ọn.