Ìbẹ̀rù Àìsíníbẹ̀: Bí Òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì Kan Ṣe Di ti Èdè Túrkì

Ìbẹ̀rù àìsíníbẹ̀ ni orúkọ tí àpilẹ̀kọ yìí lò fún ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní FoMO, èyíinì ni àìbalẹ̀ ọkàn ẹni tí ó ń rò pé àwọn ẹlòmíràn wà níbi tí nǹkan gbé ń dùn, tí òun kò sì sí lára wọn. Àpilẹ̀kọ aláwàdà kan tí Patrick McGinnis kọ sínú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò Harvard ní 2004 ló sọ ìgékúrú náà di mímọ̀. Ní 2013, Andrew Przybylski àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta sọ ọ́ di ohun tí a lè fi nọ́ńbà wọ̀n. Gbólóhùn mẹ́wàá ni òṣùwọ̀n wọn ní. Olùdáhùn yóò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì, láti 1 tí ó túmọ̀ sí pé kò rí bẹ́ẹ̀ fún un rárá, títí dé 5 tí ó túmọ̀ sí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Tíọ́rì Edward Deci àti Richard Ryan ni wọ́n gbé e kà. Tíọ́rì yìí ní ẹ̀dá nílò òmìnira láti pinnu fún ara rẹ̀, ìdánilójú pé òun mọ nǹkan-án ṣe, àti àjọṣe pẹ̀lú ẹlòmíràn. Ẹni tí kò rí ìwọ̀nyí tó ni ìbẹ̀rù náà ń bá jù.

Ní 2016, Gökler, Aydın, Ünal àti Metintaş gbé ẹ̀dà Túrkì rẹ̀ jáde nínú Anadolu Psikiyatri Dergisi. Orí orúkọ tí wọ́n fún un gan-an ni iṣẹ́ ìtumọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: Sosyal Ortamlarda Gelişmeleri Kaçırma Korkusu Ölçeği. Korku ni ẹ̀rù; ölçek ni òṣùwọ̀n. Inú kaçmak, tí ó túmọ̀ sí kí a sá, ni kaçırmak ti wá, ó sì túmọ̀ sí kí a jẹ́ kí nǹkan sá mọ́ ni lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni elédè Túrkì ń lò bí ọkọ̀ bá lọ láìgbé e, òun náà ni wọ́n ń lò fún jíjí ènìyàn gbé. Gẹ̀ẹ́sì kò sọ ohun tí ó kọjá ẹni, ṣùgbọ́n kaçırmak ń fẹ́ àbọ̀. Nítorí náà ni gelişmeler, ohun tuntun tí ó ń ṣẹlẹ̀, fi wọlé, tí wọ́n sì fi kún un pé láàárín àwùjọ ni. Àfikún yìí bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó ná wọn. Ẹni tí ń bẹ̀rù pé àǹfààní iṣẹ́ lè kọjá òun kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú orúkọ náà mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìmọ̀lára tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ni gbólóhùn mẹ́wàá Gẹ̀ẹ́sì náà ń sọ. Ẹ̀rù wà nínú méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, àníyàn, àìfọkànbalẹ̀ àti ohun tí ń dun ni ló tẹ̀ lé e. Túrkì ní korku, endişe àti kaygı láti fi ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀. Yorùbá náà kò ṣaláìní: ẹ̀rù ń bà mí, mo ń ṣàníyàn, ọkàn mi kì í balẹ̀, ó máa ń dùn mí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ẹ̀rù túmọ̀ gbogbo wọn ti mú kí òṣùwọ̀n náà wúwo ju bí ó ti yẹ lọ, àwọn olùdáhùn yóò sì máa mú 1 níbi tí wọn ì bá ti mú 3. Gbólóhùn kan tún wà nípa àwàdà tí àwọn ọ̀rẹ́ nìkan mọ ìdí rẹ̀. Bí onítumọ̀ bá pè é ní ẹnà, ó ti di ọ̀rọ̀ ìfipamọ́, ẹ̀rín ti kúrò níbẹ̀.

Ọ̀nà tí a sábà ń gbà yẹ irú iṣẹ́ yìí wò ni ìtumọ̀ padà, tí Richard Brislin ṣàlàyé ní 1970: ẹlòmíràn tí kò rí ìwé àkọ́kọ́ yóò dá ìtumọ̀ náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì, a ó sì fi méjèèjì wéra. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbójú lé e jù. Ìtumọ̀ olówuuru, tí kò bá ahọ́n onílé mu rárá, a máa padà sí Gẹ̀ẹ́sì láìyẹsẹ̀. Ẹnu àwọn tí yóò dáhùn ni àléébù rẹ̀ ti ń hàn, ìdí nìyẹn tí a fi ń fún àwọn díẹ̀ kà ṣáájú, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ yé. Ìtọ́sọ́nà orí ìwé náà ń fẹ́ àkíyèsí: Túrkì ní sen àti siz bí Yorùbá ti ní o àti ẹ, Gẹ̀ẹ́sì kò sì sọ èyí tí a ó mú.

Alpha ti Cronbach fún ẹ̀dà Túrkì jẹ́ 0.81; ti Gẹ̀ẹ́sì wà láàárín 0.87 àti 0.90. Nọ́ńbà tí ó dára ni, àmọ́ ohun tí ó sọ kò ju pé àwọn gbólóhùn náà ń bára wọn rìn. Kò sọ pé ohun kan náà ni wọ́n ń wọ̀n ní èdè méjèèjì. Ní 2019, Can àti Satici tún tẹ iṣẹ́ mìíràn jáde lórí ẹ̀dà Túrkì nínú jọ́nà kan ní Bùràsíl. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi àmì 30 tí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbà ní Ankara wé 30 ti akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìṣirò hàn pé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ bákan náà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì.